Dádì, èsì lórí èdè káúbọ́ì tẹ́ ẹ béèrè

Dádì mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Mo gbọ́ fóísì nóòtì yín tán pátá, títí kan ibi tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti bo ohùn yín mọ́lẹ̀. Ẹ ní àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé káúbọ́ì tẹ́ ẹ ń kà ò sí nínú díkíṣọ́nárì yín, pé ṣé wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Texas. Díẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ń sin màlúù, àmọ́ níbi iṣẹ́ wa ní Fort Worth níbí, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní "pardner", ìyẹn ọ̀rẹ́, o, ẹ má jẹ́ kí fíìmù tàn yín.

Ṣẹ́ ẹ rí i, púpọ̀ nínú èdè yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò tó ń sọ èdè Sípéènì ló ti wá. Àwọn ló ti ń fi ẹṣin da màlúù níbí kí òyìnbó Amẹ́ríkà tó dé, "vaquero" ni wọ́n ń pe darandaran. Òyìnbó dé, wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó orúkọ irinṣẹ́ mọ́ ọn, ahọ́n wọn ò gbé e, wọ́n bá ń pè é bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, bí àwa náà ṣe ń sọ búrẹ́dì àti sítóòfù. "Vaquero" di "buckaroo". "La reata", okùn tí wọ́n fi ń mú màlúù, di "lariat". "Juzgado" tó jẹ́ kóòtù di "hoosegow", àmọ́ àhámọ́ ni wọ́n wá ń pè bẹ́ẹ̀, torí náà ọ̀mùtí tí wọ́n gbé lọ sí "hoosegow" nínú ìwé yín, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tì í mọ́.

"Dally" ni mo fẹ́ràn jù. Tí okùn bá ti kọ́ màlúù, káúbọ́ì á sáré lọ́ ìdí okùn náà mọ́ kókó tó yọ sókè níwájú gàárì, kí ẹṣin lè bá a fà á. Èdè Sípéènì náà ni, "dale vuelta", ìyẹn "yí i po". Bàbá kan tó ń tọ́jú ẹṣin ní Stockyards, ọjà màlúù àtijọ́ tó wà nílùú wa yìí, ló ń fi hàn mí, wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ni mo rí i pé àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn ò sí, kùkùté ló kù níbẹ̀. Àṣé àárín okùn àti gàárì ló há sí nígbà tí màlúù fà á. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín o! Wọ́n ní ó ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìwé yín ò ní sọ fún yín ni pé èèyàn dúdú pọ̀ nínú àwọn káúbọ́ì yẹn gan-an, àwọn onímọ̀ ìtàn kan ní ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin. "Bulldogging" tẹ́ ẹ béèrè, Bill Pickett, ọmọ Texas, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ló sọ ọ́ di olókìkí. Á fò láti orí ẹṣin, á di ìwo màlúù mú, á wá fi eyín bu ètè ẹ̀ jẹ bí ajá bulldog ṣe máa ń ṣe, màlúù á sì wó lulẹ̀. Eyín o, Dádì! Wọ́n ti gbẹ́ ère ẹ̀ sí Stockyards, mo ti ya fọ́tò níbẹ̀.

"Dogie" ò kan ajá rárá, ọmọ màlúù tí ò ní ìyá ni. "Maverick" orúkọ èèyàn ni, Samuel Maverick, lọ́yà kan tó wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Texas lọ́dún 1836. Kì í fi irin gbígbóná sàmì sára màlúù ẹ̀, bí wọ́n bá ti rí màlúù tí ò lámì, wọ́n á ní ti Maverick nìyẹn, ibẹ̀ ló gbà dórí èèyàn tó ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti oúnjẹ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń da màlúù lọ sọ́nà jíjìn, wọ́n bá ń pè é ní "Pecos strawberries", Pecos yẹn odò ni. Kọfí Arbuckle ní tiẹ̀, súwíìtì mínńtì kan máa ń wà nínú àpò ẹ̀, kúùkù á ní ta ló fẹ́ bá òun lọ kọfí kó gba súwíìtì, àwọn géńdé ọkùnrin á máa du ú!

"Necktie party" ní tiẹ̀ kì í ṣe pátì o. Wọ́n fẹ́ so èèyàn rọ̀ sórí igi ni, ọ̀pọ̀ ìgbà láì dé kóòtù. Ẹ má ka orí yẹn sétí àwọn ọmọ Bọ̀dá Fẹ́mi.

Ẹ fi ìyókù ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ni, torí jẹnẹrétọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́, abẹ́ àwọn ìwé tuntun ló wà, oògùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ o, mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín,
Bùnmi