Ẹ yéé pe ọmọ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ torí pé kò dá ojú ẹbí mọ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé jáde níbi tẹ́nì kan ti ní àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abuja ò lẹ́kọ̀ọ́, pé tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn bá tÌbàdàn dé wọ́n á kàn máa wò wọ́n ni, tí ìyá bá sì ṣẹ́jú sí wọn níwájú àlejò wọn ò ní mọ̀ pé kí àwọn kúrò nídìí ẹran ni. Ó dùn mí gan-an, torí tísà nọ́sìrì ni mí ní Kubwa níbí, mo sì máa ń rí ọmọ tí wọ́n gbá létí torí ohun tí ọpọlọ ẹ̀ ò tíì tó ṣe.

Lóòótọ́ ọmọ tuntun pàápàá máa ń fẹ́ wo ohun tó bá jọ ojú èèyàn, àmọ́ èyí tó bá ń rí lójoojúmọ́ ló ń kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́dún 2002 Olivier Pascalis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi fọ́tò ọ̀bọ han àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn ọmọ oṣù 6 mọ ọ̀bọ kan yàtọ̀ sí òmíì, àwọn ọmọ oṣù 9 àtàwọn àgbà ò mọ̀ ọ́n mọ́, ta ló ń bá ọ̀bọ gbélé? Ẹ wá wo ọmọ tí ìyá àti bàbá ẹ̀ ti jáde kílẹ̀ tó mọ́ torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tó ti máa ń sùn kí wọ́n tó dé, níbo ló ti fẹ́ rí ojú ará Ìbàdàn tó máa dá mọ̀? Àwa àgbà gan-an, ìwádìí Laura Germine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2011 fi hàn pé èèyàn á lé lọ́dún 30 díẹ̀ kí dídá ojú tuntun mọ̀ tó dé góńgó.

Ti ojú ṣíṣẹ́ yẹn ló tún le jù. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìyá òun lè yàtọ̀ sí ti inú òun. Wimmer àti Perner, àwọn náà onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, sọ ìtàn kan fáwọn ọmọdé ní 1983: ọmọ kan fi ṣokoléètì sínú kọ́bọ́ọ̀dù ó jáde, ìyá ẹ̀ gbé e sí òmíì, tọ́mọ bá dé, ibo ló máa wò? Àwọn ọmọ ọdún 3 ní ibi tí ìyá gbé e sí ni, torí ohun táwọn ti mọ̀, wọ́n rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Láti bí ọdún 4 lọ sókè ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ibi tọ́mọ náà fi í sí tẹ́lẹ̀ ló máa wò. Mo fi bisikíìtì dán an wò ní kíláàsì mi, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ọmọ ọdún 3 tẹ́ ẹ wá ṣẹ́jú sí, tó pariwo pé "Mọ́mì, kí ló ṣe ojú yín?", kì í ṣe àfojúdi rárá, ó rò pé ojú ń dùn yín ni.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́gbọ́n bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kọ́mọ ti máa rí wọn lórí WhatsApp ṣáájú, ẹ dárúkọ wọn fún un lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì jọ kúnlẹ̀ kí wọn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó kúrò nídìí ẹran, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ fẹnu sọ fún un.

Tísà nọ́sìrì kan,
Kubwa, Abuja