Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí àwọn bíìmù afárá tẹ́ ẹ ní ká sọ di àlòkù irin

Sí Alága wa àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa ẹgbẹ́ ajórinmọ́rin la kọ ìwé yìí, ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò sí afárá onírin kankan lágbègbè yìí tọ́wọ́ wa ò kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà yín wọlé pé ká dáwọ́ dúró, ká gé gbogbo bíìmù tá a ti jó tán torí wọ́n tín-ín-rín ju ti afárá àtijọ́ lọ. Ẹni tẹ́ ẹ rán wá fìka kan irin náà kó-kó-kó, ó ní bískíìtì ni, ó fi ọ̀dà pupa kọ X sí i lára níṣojú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó tún wá ń bi wá pé ta la ta irin tó kù fún. Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá wọra.

A ò ní ká kọ́ yín níṣẹ́ yín o, ṣùgbọ́n irin lásán tí gbogbo wa mọ̀, tí agbára tó ń fà á bá ti dé nǹkan bíi 250 megapascal (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ẹrù ṣe ń fa irin tó) ló ti ń nà láì padà sípò mọ́, èyí tí ẹnjiníà yàn, irin líle ni, ó di 460 kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tírin lásán á ti nípọn tó mílímítà 46 kó tó lè fa ẹrù kan, 25 ti tó fún tiwa. Níbo lolè wà níbẹ̀? Irin 460 yìí náà wà lára afárá Millau ní Faransé tí wọ́n ṣí lọ́dún 2004. Òótọ́ ni pé tó bá di ká má jẹ́ kí afárá máa rọ̀ wálẹ̀ tí mọ́tò bá gùn ún, irin líle ò san ju irin lásán lọ, ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi jẹ́ kí bíìmù ga ju ti tẹ́lẹ̀, àbí ẹni tó wọn ìnípọn ò rí gíga ni?

Ẹ tún kọ ọ́ pé irin líle máa ń sán lójú ibi tá a ti jó o. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 tí wọ́n fi ti afárá Sherman Minton pa. Torí ẹ̀ náà la ṣe ń yan electrode, ọ̀pá tá a fi ń jó irin mọ́ra, gbẹ kó tó kan irin, tá a sì ń fi iná yá irin lára ká tó jó o. Ìwé gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ẹni tẹ́ ẹ rán ò béèrè.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kẹ́ ẹ gé díẹ̀ lára irin tó ṣẹ́kù, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ bá fẹ́, kí wọ́n fà á títí tó fi máa já, kẹ́ ẹ wá fagi lé lẹ́tà yẹn, kí ọ̀gá náà sì bẹ̀ wá níwájú àwọn ọmọ tó bú wa níwájú wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ti ń sọ pé ká kó ẹ̀rọ wálé, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan àtúnṣe afárá kankan mọ́. Àwa olóyè la ṣì ń pàrọwà fún wọn. À ń retí èsì yín kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ tó dé.

Àwa ọmọ yín,
Akọ̀wé, lórúkọ Alága ẹgbẹ́