Ẹ yé ta àkókò orí rédíò fún olóṣèlú

Sí Olóòtú,

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́ etílé ní Èkìtì, kì í pẹ́ tí àwọn kan á fi máa wí pé oníròyìn Ìlú Ọba kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn wọn ń gbè, gbangba ni wọ́n sì ń ṣe é. Ìwé ìròyìn The Sun ti ọ̀dọ̀ wọn ṣe ti ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù lọ́dún 1992, ó yí sẹ́yìn Tony Blair, olórí ẹgbẹ́ Lébà, lọ́dún 1997, ó tún bọ́ sọ́dọ̀ David Cameron, olórí Kọnsáfétífù, lọ́dún 2009. Òfin ò dí i lọ́wọ́. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni òfin dè, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tiwa wà.

Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 ka ìpolówó òṣèlú léèwọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Kò sí iye tí olóṣèlú lè san. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ láyè: ẹgbẹ́ tó bá fa olùdíje kalẹ̀ fún ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́fà àwọn ìjókòó, àyè tọ́ sí i. Ẹgbẹ́ ló ń fowó ara rẹ̀ ṣe ètò ọ̀hún. Lórí tẹlifíṣọ̀n, gígùn mẹ́ta péré ló wà: ìṣẹ́jú 2, 3 tàbí 4, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 40 lórí rẹ̀. Ti rédíò ò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀. Lọ́jọ́ ìbò, láti aago méje àárọ̀ tí ibùdó ìdìbò ti ṣí, kò sí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìbò mọ́ títí wọn yóò fi tì í ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ofcom, àjọ tó ń fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n níwèé àṣẹ níbẹ̀, ló ń ṣọ́ wọn. Ó lè bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ tó bá rú òfin, ó sì lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ó ní ibi tó ń jò o. Èèwọ̀ yẹn ò dé orí Facebook, ibẹ̀ sì ni owó ìpolongo ń gbà lọ báyìí. Ọ̀rẹ́ àwọn olóòtú àti ìjọba náà ti dójú tì wọ́n rí: Andy Coulson, olóòtú News of the World tẹ́lẹ̀, tí Cameron sọ di agbẹnusọ, rẹ́wọ̀n he lọ́dún 2014 nítorí fóònù àwọn ènìyàn tí ìwé ìròyìn náà ń jí gbọ́.

Tiwa ńkọ́? Abala 95 Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ní kí rédíò ìjọba fún gbogbo ẹgbẹ́ ní àkókò tó dọ́gba, ní irú wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí wọ́n san owó tó yẹ. Àfikún kékeré yẹn ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹgbẹ́ tí kò lówó, orí ìwé ni ìdọ́gba tirẹ̀ wà.

A ò rí ibi tí òfin ti sọ pé owó yẹn ò lè jẹ́ òfo. Kí rédíò ìjọba Èkìtì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìròyìn alẹ́. Kí wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹgbẹ́ ti mú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí agbẹjọ́rò lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìbanilórúkọjẹ́ wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá mú tirẹ̀ pẹ́, orin ni kí wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn.

Àwa olùkàwé yín,
Adó-Èkìtì