Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí tàtàṣé aláràbarà

Jos,
Ìpínlẹ̀ Plateau.

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà. O ní o fẹ́ fi kóró gbin tàtàṣé rìbìtì lẹ́yìn ilé rẹ n'Ìbàdàn, kí o ní pupa, kí o ní aláwọ̀ ìyeyè, kí o sì ní aláwọ̀ ọsàn. Ó ṣeé ṣe. Oṣù tí o bá fún kóró ló máa pinnu rẹ̀, ju ajílẹ̀ lọ.

Ooru ni ọ̀tá ata yìí, pàápàá ooru òru. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, òru wa tutù, ìdí nìyẹn tó fi ń so dáadáa níbí. Lọ́dọ̀ yín, bí ọ̀sán bá ti ń kọjá 32°C, tí òru kò sì wá sílẹ̀ ju 24°C lọ, òdòdó á kàn máa já bọ́ láìso. Wọ́n á ní àrùn ni, wọ́n á máa da oògùn sí i lásán. Má fún kóró ní January, kí òdòdó rẹ̀ má lọ pàdé ooru March. Òpin September ni kí o fún un. Á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú tíréè, o máa lọ́ ọ gbìn ní November, òdòdó á wá bọ́ sí àsìkò ọyẹ́. Òjò á ti lọ nígbà náà, omi ọwọ́ rẹ ni yóò máa mu.

Kí o tó ra kóró, mọ̀ pé tútù kì í ṣe àwọ̀ kan lọ́tọ̀: tàtàṣé tútù ni èyí tí kò tíì pọ́n. Irú kóró ló ń sọ bóyá á pọ́n di pupa tàbí ìyeyè, nítorí náà ka ẹ̀yìn páálí. Èyí tí wọ́n kọ F1 sí lára, ìyẹn ọmọ irú ata méjì tí wọ́n pa pọ̀, máa ń so dáadáa, ṣùgbọ́n má ṣa kóró inú rẹ̀ pamọ́, ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ìyá.

Po ilẹ̀dú méjì mọ́ iyanrìn odò kan, da omi gbígbóná tó ń hó lé e, kí o jẹ́ kó tutù. Kóró kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ ju 1 ṣẹ̀ǹtímítà lọ. Á hù láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Omi àpọ̀jù ló ń pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù: ẹsẹ̀ rẹ̀ á tín-ín-rín níbi tó ti kan ilẹ̀, á sì ṣubú. Fi nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ bò ó láti ọjọ́ kìíní, nítorí àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké àti àwọn kòkòrò tó ń fa omi ewé máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì wá. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ti ká jọ, tó ní àbàwọ́n ìyeyè, tí kò sì dàgbà mọ́, fà á tu. Kò sí oògùn rẹ̀.

Bó bá ti ní ewé márùn-ún sí mẹ́fà, jẹ́ kí oòrùn máa mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o wá lọ́ ọ gbìn ní ìrọ̀lẹ́. Garawa ọ̀dà oní-20 líta tí o lu ìdí rẹ̀ dára púpọ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀, fi 45 ṣẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn, má sì lo ibi tí tòmátò, ìgbá tàbí ata ti wà rí láìpẹ́. Bí igi ata bá rọ lójijì tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ojú ibi tí o gé bọ inú ife omi. Bí nǹkan funfun bí èéfín bá ń ṣàn jáde, bakitéríà ilẹ̀ ni, má sì gbin ata síbẹ̀ mọ́.

Já òdòdó àkọ́kọ́ tó yọ níbi tí igi náà ti kọ́kọ́ pẹ̀ka, kí igi kọ́kọ́ lágbára. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí o lọ́ ọ, fún un ní ṣíbí ìmutíì kan ajílẹ̀ NPK 15-15-15, jìnnà díẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún un ní òmíràn nígbà tó bá so. Má fi kún un, ewé nìkan lo máa rí.

Ìdí ata tó dúdú bí awọ, omi tí kò ṣe déédéé ló ń fà á: kálísíọ̀mù kò lè dé ìdí èso. Èèpo ẹyin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ nítorí kálísíọ̀mù kì í tètè jẹrà, kò lè gba ata tọdún yìí là. Máa bomi rin ín déédéé, ojoojúmọ́ nígbà ọyẹ́ bó bá jẹ́ inú garawa, kí o fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ èso bá funfun bíi bébà, oòrùn ló jó o. Fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó lọ́sàn-án.

Ibi sùúrù wá kù. Lẹ́yìn tí ata bá ti tóbi tán, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kó tó yí àwọ̀. Bó ti wù kó pẹ́, má já a ní tútù, kò ní pọ́n nínú ilé. Ṣùgbọ́n bó bá ti yí dé ìdajì, fi sísọ́ọ̀sì gé e, á pọ́n tán ní ilé ìdáná, igi á sì ráyè so òmíràn. Ṣọ̀m̀bọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè mú kó ta lẹ́nu lọ́dún yìí. Kóró inú rẹ̀ ni èyí lè bà jẹ́.

Ya àwòrán ẹ̀yìn páálí kóró náà fi ránṣẹ́ sí mi kí September tó tán.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fọlákẹ́