Ìkéde fún Gbogbo Ọ̀gá Oníṣẹ́ Iná: Ẹ Gba Àwọn Ọmọbìnrin Síṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ ni mo bá wá. Ṣọ́ọ̀bù wa ti ń dá páropáro. Àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún iṣẹ́ ọwọ́, àwọn ọmọbìnrin tó sì fẹ́ kọ́ ọ, àwa fúnra wa là ń lé wọn. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi. Ọ̀gá mẹ́ta ló ti ní kó lọ kọ́ irun dídì. Mo fi tẹ́sítà tí a fi ń dán iná wò lé ọmọ náà lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti mọ wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí nútírà, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà, kì í sì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù láìkọ́kọ́ pa iná nídìí mítà. Ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo èyí fún àwọn ọmọkùnrin!

Sandra Aguebor, obìnrin mẹkáníìkì, dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ ní 2004, ó ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ò kọ obìnrin, wáyà ò ní kọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan gba ọmọbìnrin kan, ó kéré tán, lọ́dún yìí. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ níṣojú òbí. Èyí tó bá ń tọ́mọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó máa tètè lọ sílé. Ọ̀gá tó bá fọwọ́ pa ọmọṣẹ́ lára, ẹgbẹ́ máa lé e. Kí wọ́n tó ṣe fírídọ̀m, ẹ rán wọn lọ ṣe trade test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba.

Ẹ mú orúkọ wọn wá fún mi ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́