Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ṣọ́ọ̀bù wa àti ìbò káńsẹ́lọ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó. Kí ẹ tó gbọ́ ọ lójú títì, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: mo ti gba fọ́ọ̀mù láti díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa.

Lánàá, bàbá kan tó máa ń ra búrẹ́dì àti ṣúgà lọ́wọ́ mi láràárọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, gbèsè tí mo jẹ yín ńkọ́? Ṣé ìbò lẹ máa fi gbà á ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ìwé àwìn tó wà lábẹ́ káńtà, tí òróró ti ta sí lẹ́yìn, ohun tí ẹ rà àti iye tó kù nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò ní dé ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan láéláé. Ẹni tó bá jẹ mí, owó ló jẹ mí. Mi ò sì ní pín ìrẹsì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìbò. Kọ́ńgò la ó máa fi wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Kí ló wá gbé mi dé ìdí òṣèlú? Gọ́tà ni. Ẹ ò ní gbàgbé òjò ọdún tó kọjá. Àpò iyọ̀ méjì ló yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, páálí Indomie tó wà nísàlẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. A kọ lẹ́tà, a fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì, wọ́n ní ká máa padà bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà á sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, gọ́tà, kíkó pàǹtí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló yẹ kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ná an. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ láti béèrè.

Àwọn tó ní kí ọlọ́jà jókòó ti ọjà rẹ̀, ẹ bá mi rán wọn létí Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Èrékò l'Ékòó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa pàṣẹ iye tí àwọn obìnrin ọlọ́jà yóò máa ta gàrí, òun ló ṣíwájú wọn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ìdí ìsọ̀ ló ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta aráàlú lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ Ajé, èmi ni n ó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù láago méje àárọ̀. Tó bá di aago méjì, àbúrò mi obìnrin á gbà á títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ó mọ iye gbogbo ọjà, ẹ má jẹ ẹ́ níyà. Mílíìkì tó gbówó lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ní páálí fún wa ló ti gbówó lórí. Owó ìpolongo mi wà lọ́tọ̀, èmi àti ọkọ mi la jọ fi pamọ́. Kò ní sí pósítà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ tèmi. Ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ wọlé.

Ẹyin tuntun dé láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú kíréètì òfìfo dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì