Ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí sensor bá ké: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú òjò o, ẹ sì kú àdúrótì.

Àwọn kan nínú yín bi wá pé kí ló gbé wa dé ìdí òpó wa ní Mọ́kọ́lá, èyí tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí áńtẹ́nà ilé yín, láàárín òru ọjọ́sí, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn ń ṣiṣẹ́ geere. Ẹlòmíràn ní tirẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì òun kú lálẹ́, àwa kò sì yọjú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ bèèrè.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa máa ń pe àwọn ẹ̀rọ wa ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà. Bí ọ̀kan kò bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a ò ní sáré. Bí kò bá jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù ẹni tí ìṣọ́ kàn á dún. Yàtọ̀ sí èyí, a fi sensor, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ nǹkan tó sì ń ké sí wa bí ó bá yí padà, sídìí òpó: ọ̀kan ń wo bátìrì, ọ̀kan ń wo ooru inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, ọ̀kan wà lára ilẹ̀kùn. Ti ilẹ̀kùn yẹn, a kì í fi falẹ̀ rárá, torí wọ́n ti jí bátìrì wa gbé rí. Bó bá ti ké, a ó pe ọlọ́dẹ, ẹni méjì á sì gbéra.

Lóru ọjọ́ yẹn, bátìrì ló ké. Iná ti lọ látàárọ̀, òjò kò sì jẹ́ kí sólà rí oòrùn. Bátìrì olómi 12 volt tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi 12.7 bó bá sinmi. Tiwa ti wálẹ̀ dé 11.9, ó sì ń lọ sílẹ̀ sí i. Ọmọ iṣẹ́ wa gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, ó tàn án, ó sì jókòó tì í nínú òjò títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò fi mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Ti ilé ẹyọ kan ló ṣòro. Bí ẹ bá yọ adápítọ̀ funfun tó ń fún áńtẹ́nà orí òrùlé yín níná kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sùn, lọ́dọ̀ wa, kò yàtọ̀ sí áńtẹ́nà tí ìjì wó. Bí gbogbo ilé tó wà lábẹ́ òpó kan bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a mọ̀ pé òpó ni, a ó sì jáde lóru. Bó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo, a ń dúró dàárọ̀ ká tó pè, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé onílé ló paná.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ pa á tàbí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wa. Bí iná bá sì wà nílé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé, ẹ pè wá, ó báà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Ẹ má rò pé a ti mọ̀. Màmá kan ní Bódìjà pè wá bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní iná adápítọ̀ náà ń tàn, fáànù sì ń yí. Kọ̀ǹpútà wa kò lè rí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí a mú wáyà tuntun dání lọ, a sì bá ibi tí eku ti jẹ ti àtijọ́ lábẹ́ páànù.

Èmi tí mo ń bá yín dòwò pọ̀, lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wa.